Àwọn Ọwọ́ Tó Mọ Òṣogbo: Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣẹ́ Ọnà Ìlú Wa

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń mú àlejò káàkiri ìlú, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo kí gbogbo yín. Mo júbà Àtáọ́jà, ọba ìlú wa. Mo júbà Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò. Mo júbà àwọn àgbà oníṣọ̀nà tó ti lọ, àti àwọn tó ṣì ń lu irin, tó ń rẹ aṣọ, tó ń gbẹ́gi títí di òní. Kí ìbà mi ṣẹ.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àlejò lè rí wò ní Òṣogbo. Bí mo bá bi ẹnikẹ́ni nínú yín, kí n tó pa ẹnu dé ni yóò ti dá mi lóhùn pé Igbó Ọ̀ṣun ni. Bí mo bá tún bèèrè pé ìgbà wo ni kí àlejò wá, ẹ ó ní oṣù Kẹjọ, ọjọ́ Jímọ̀ tí Arugbá, wúńdíá tó ń gbé igbá Ọ̀ṣun, máa ń jáde. Òótọ́ lẹ sọ. Ọdún Ọ̀ṣun kò kéré, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ni pé Òṣogbo kì í ṣe ìlú ọlọ́jọ́ kan. Ohun tó jẹ́ kí ayé mọ ìlú yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn tí ẹ bá rí wọn lójú títì, ẹ ò ní bojú wẹ̀yìn: bírìkìlà, alágbẹ̀dẹ, aláró, ẹni tó ń tọ́jú iná mànàmáná, tíṣà. Iṣẹ́ náà kò sì parí. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa ṣe é lọ́dọọdún, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí à ń fi han àlejò yóò wó lójú wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nínú Igbó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti fojú hàn jù.

Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Odò gba àárín rẹ̀ kọjá, igi àtayébáyé dí i lókè, ọ̀bọ ń fò láti ẹ̀ka kan sí òmíràn. A kì í dẹ ìgbẹ́ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gégi. Nígbà tí UNESCO ń kọ àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ohun tí wọ́n kà níbẹ̀ jẹ́ ojúbọ, ère àti iṣẹ́ ọnà 40, ààfin àtijọ́ méjì, àti ibi ìjọsìn mẹ́sàn-án létí odò, tí àwọn àwòrò àti ìyálórìṣà ń tọ́jú. Ní 1965 ni ìjọba àpapọ̀ kéde rẹ̀ pé ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Ní 2005 ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ní gbogbo Nàìjíríà, ìlú Sukur ní Adamawa nìkan ló ṣáájú rẹ̀ nínú ìwé yẹn.

Ọ̀pọ̀ àlejò, àti ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ìlú pàápàá, ló rò pé àwọn ère gìrìwò inú Igbó ti wà níbẹ̀ láti ayé Láróòyè tó tẹ ìlú yìí dó. Rárá o. Ìsìn ibẹ̀ ló pẹ́. Ojúbọ ibẹ̀ ló pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọdún 1950 ni àwọn ère sìmẹ́ńtì wọ̀nyẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Nǹkan ò fara rọ fún Igbó nígbà náà. Àwọn tó ń bọ òrìṣà ti ń dín kù, agégẹdú ń fojú owó wo igi ibẹ̀, àwọn tó ń wá ilẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọlé, amọ̀ ojúbọ ń wó lulẹ̀ láìsí ẹni tó ń tún un mọ. Ẹ wo àwọn ìlú Yorùbá yòókù. Ìlú wo ni kò ní igbó òrìṣà tirẹ̀ nígbà kan rí? Mélòó ló kù nínú wọn lónìí? Ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló gba ibi tí ọ̀pọ̀ wọn wà. Tiwa ìbá ti bá wọn lọ.

Obìnrin kan wà tí kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, òun àti àwọn olórìṣà ìlú tó gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Susanne Wenger ni, tí gbogbo wa ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n bí i sí ní 1915. Ní 1950 ni òun àti Ulli Beier, ọkọ rẹ̀ ìgbà náà, dé Nàìjíríà. Ikọ́ ife dá a gúnlẹ̀, ó kù díẹ̀ kó gbẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tó yè é, ó tọ Ajagẹmọ lọ ní Ẹdẹ, àgbà olóòṣà Ọbàtálá, ó kúnlẹ̀ kọ́ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì di olórìṣà pọ́ńbélé. Kò padà lọ gbé nílùú òyìnbó mọ́. Ìlú wa níbí ló kú sí, ní oṣù Kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi orúkọ Àdùnní nìkan sílẹ̀ lẹ́nu nígbà tí ẹ bá ń ṣàlàyé Igbó fún àlejò. Adébísí Àkànjí, bírìkìlà ni. Kó tó débẹ̀, bíríkì àti sìmẹ́ńtì ló ń fi jẹun. Ọwọ́ tó ti mọ bí sìmẹ́ńtì ṣe ń le àti ìgbà tó ń le, òun ló gbé ère dìde. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta, ó ń gbẹ́ igi, ó máa ń ṣe àwọn ère kúkúrú olójú rogodo tó ń wo ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kàsálì Àkàngbé Ògún, ìdílé agbẹ́gilére ló ti wá, òpó àti igi àjà tó gbẹ́ sára ojúbọ ga, ó tín-ín-rín, ojú àwọn ère rẹ̀ gùn lọ sókè. Ẹ tún ka Ṣàkà Àrẹ̀mú mọ́ wọn, ẹ ka Òjéwálé Àmọ̀ó, ẹ ka Rábíù Àbẹ̀sù. Wọ́n jọ ṣe é ni. Nígbà tí ẹ bá dé iwájú Ilédì Ontótóo, ilé àwọn Ògbóni inú Igbó, tí ẹ rí òrùlé rẹ̀ tó gbóra sókè, tàbí tí ẹ dúró níwájú ère Ìyá Mọ́òpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, tó ni amọ̀ mímọ àti aṣọ rírẹ, ẹ bi ara yín léèrè pé ta ló po sìmẹ́ńtì rẹ̀? Ta ló gun àkàbà? Àwọn tó ṣe é mọ àwọn tó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àlejò náà mọ̀.

Irin, amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ àwọn ère náà. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè dá wà láìsí ènìyàn. Òjò ń rọ̀ sí wọn láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹwàá, ewédò ń hù lára wọn, gbòǹgbò igi ń wọ ìdí wọn. Bí sìmẹ́ńtì òde bá sán, omi á wọlé, amọ̀ inú á rọ̀, irin á dípẹtà, apá kan á já. Kì í ṣe ìwé UNESCO ni yóò tún un ṣe. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe mọ ọ́n níbẹ̀rẹ̀, tàbí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ni yóò tún un ṣe. Àjọ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lórílẹ̀-èdè wa ló ń bójú tó Igbó, Adunni Olorisa Trust náà sì ti ṣe gudugudu méje lórí àtúnṣe àwọn ère. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè tèmi ni pé àwọn ọmọ wo ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ń po sìmẹ́ńtì ìtúnṣe yẹn?

Ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú wa gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀dá omi ló lé Olútìmẹ́hìn ọdẹ àti Láróòyè kúrò ní Ìpólé Ọmu títí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Wọ́n ń ṣánko láti tẹ̀dó, igi kan wó lu odò, ni ohùn kan bá ké látinú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Ẹ fetí sí ibẹ̀ yẹn dáadáa. Òrìṣà tó ni odò kò sunkún wúrà, kò sunkún idẹ. Ìkòkò iṣẹ́ rẹ̀ ló sunkún. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn àgbà, ibẹ̀ lọkàn mi máa ń dúró sí: aláró ni Ọ̀ṣun, ẹnu iṣẹ́ làwọn baba wa ti bá a.

Nítorí náà, bí àlejò bá bi yín pé kí ni òun tún lè rí lẹ́yìn Igbó, ẹ mú un lọ síbi aró. Ẹ má mú un lọ síbi tí wọ́n to aṣọ sí fún títà nìkan. Ẹ mú un dé ìdí ìkòkò. Kó rí ewé ẹ̀lú tí wọ́n gún lódó, tí wọ́n ṣù róbótó, tí wọ́n sá gbẹ. Kó rí bí wọ́n ṣe ń da eérú sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, tí wọ́n ń bu omi lé e lórí, tí omi eérú ń kán tó, tó, tó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Inú omi eérú yìí ni wọ́n ń rẹ ẹ̀lú sí fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí yóò fi kan. Òórùn rẹ̀ le fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òórùn yẹn ni aláró fi ń mọ̀ pé aró ti tó. Ohun tó máa ń ya gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ni pé aṣọ kì í jáde ní dúdú. Bí ewé tútù ló ń rí nígbà tí wọ́n bá fà á yọ. Afẹ́fẹ́ ni yóò pa á láwọ̀ dà lójú ẹ̀mí rẹ. Wọn á tún rì í, wọn á tún sá a, wọn á tún rì í, títí yóò fi dú tó bí wọ́n ṣe ń fẹ́.

Kí aṣọ tó dé ìdí aró, iṣẹ́ ti pọ̀ lára rẹ̀. Ti àdìrẹ oníko, ìko ni wọ́n fi ń so ó ní kókó kókó, kí aró má baà lè wọ ojú ibẹ̀. Ti alábẹ́rẹ́, rírán ni. Ti ẹlẹ́kọ ló gba sùúrù jù lọ: ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya sára aṣọ, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kejì, láìsí pé wọ́n fi ohunkóhun díwọ̀n. Ìyá tó ń ya Ìbàdàndùn mọ ibi tí òpó gbọ̀ngàn Mápó ń dúró sí lára aṣọ láìwo ìwé. Mo ti jókòó ti àwọn ìyá bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń lọ lẹ́nu wọn, wọ́n ń bá ọmọ wí, wọ́n ń dá oníbàárà lóhùn, ìyẹ́ adìyẹ kò sì yà kúrò lójú ìlà. Bí wọ́n bá wá gbé irú aṣọ yẹn jáde, tí ẹnìkan dúró níwájú wọn tó ń ná an bí ẹní ń ná ata, ó máa ń dùn mí wọra. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú àlejò, kí ẹ tó dé ìdí ọjà ni kí ẹ ti ṣàlàyé ohun tó wà lára aṣọ fún un. Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ náà lójú kì í ná an ní ìnákúnàá.

Níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ aró yìí, ó yẹ kí n dá orúkọ Níkẹ Davies-Okundaye. Ọmọ Ogidi ní Kogi ni, inú ẹbí aláṣọ ló dàgbà sí. Òṣogbo ló wá, Òṣogbo ló ti gbilẹ̀. Ní 1983 ló dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sílẹ̀ níbí, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, pàápàá àwọn obìnrin tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ti fọ́n káàkiri. Gálárì rẹ̀ wà l'Ékòó àti l'Ábùjá, ṣùgbọ́n níhìn-ín ni orísun. Ní tèmi, bí ẹnìkan bá ní kí n dárúkọ ohun kan ṣoṣo tí ẹnìkan ṣe fún ìlú yìí ní ogójì ọdún sẹ́yìn, mo lè mú ilé ẹ̀kọ́ yẹn, nítorí pé ènìyàn ló ń tibẹ̀ jáde.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sórí ìtàgé.

Dúró Ládiípọ̀, ọmọ ìlú yìí ni, ọmọ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, tíṣà ilé-ìwé. Ní 1961 ó kọ orin Àjíǹde fún ìlò ìjọ, ó gbé ìlù ilẹ̀ wa wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ kò gbà á. Ẹlòmíì ìbá ti káwọ́ gbera. Òun ní kò burú, ó gbé ìlù rẹ̀ síta. Ó ní ilé ọtí kan nígbà náà. Ní 1962 òun àti Ulli Beier sọ ilé ọtí yẹn di Mbari Mbayo, ilé eré àti ilé àwòrán láàárín ìgboro, níbi tí alájàpá tó ń bọ̀ láti ọjà lè yà sí, kó sọ ẹrù kalẹ̀, kó wòran. Ayé Ọba Adénlé ni, ọba náà sì fọwọ́ sí i. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: irú ilé bẹ́ẹ̀, ìlú ńlá la ti ń retí rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ yunifásítì. Òṣogbo nígbà náà kò ní yunifásítì kankan. Ọjà ló ní, ọba ló ní, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló ní.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe eré Ọba Mọrọ̀ lọ́dún yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1963, Ọba Kò So jáde, ìtàn Ṣàngó, Tìmì Ẹdẹ àti Gbọ̀nńkáà. Ní 1964 wọ́n gbé e lọ sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1965 wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni wọ́n sọ látòkè délẹ̀, bàtá ni wọ́n lù, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún ló ṣe Ọya. Wọn kò bu omi là á fún ẹnikẹ́ni, ayé sì dìde fún wọn. Dúró Ládiípọ̀ kò dàgbà. Ó kú ní oṣù Kẹta ọdún 1978.

Ilé yẹn kan náà ni àwòrán Òṣogbo ti jáde. Denis Williams, ọmọ orílẹ̀-èdè Guyana, ló wá kọ́ àwọn ènìyàn níbẹ̀ ní 1962 àti 1963. Ní 1964, Georgina Beier, tí Ulli Beier fẹ́ lẹ́yìn Àdùnní, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ló sì lè wọlé. Wọ́n kó ọ̀dà fún wọn, wọ́n kó pátákó fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa ya ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ta ló wọlé? Àwọn òṣèré ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ ló pọ̀ jù. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń tọ́jú iná orí ìtàgé. Òun ló wá ronú pé ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń tò sára adé ọba, ènìyàn lè fi ya àwòrán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, títí ojú ènìyàn yóò fi yọ. Twins Seven-Seven, ijó ló ń jó fún oníṣòwò oògùn tó ń kiri ìlú nígbà tó kọ́kọ́ ya Mbari Mbayo. Iwin, ejò àti igi ẹlẹ́nu lòun ń yà, ó fi ìlà wínníwínní kún gbogbo ojú pátákó láìfi àyè sílẹ̀. Ní 2005, ọdún kan náà tí wọ́n kọ orúkọ Igbó wa sílẹ̀, UNESCO fi oyè oníṣẹ́ ọnà fún àlàáfíà dá a lọ́lá. Múráínà Oyèlámì ti Ìrágbìjí wà níbẹ̀, Rufus Ògúndélé wà níbẹ̀, Adébísí Fábùnmi àti Jacob Afọlábí wà níbẹ̀.

Àṣírù Ọlátúndé kò sí lára àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Wọ́n bí i ní 1918, alágbẹ̀dẹ ni, ìdílé alágbẹ̀dẹ ló ti wá. Àìlera kò jẹ́ kó lè máa gbé owú ńlá mọ́, ó wá bọ́ sórí ohun ọ̀ṣọ́ kéékèèké, yẹtí bàbà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti orí ìyẹn ló ti bọ́ sórí páànù alumíníọ̀mù. Ó ń fi ìṣó àti òòlù kọ ìtàn sí i lára: igi ńlá láàárín, ẹyẹ lórí rẹ̀, ẹranko lábẹ́ rẹ̀, ènìyàn níbi ọjà, ọba lórí ẹṣin. Bí ẹ bá rí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, ẹ fi ìka yín tọ ìlà rẹ̀. Ìka yín yóò mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ ló ṣe é.

Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó ló dá iṣẹ́ ọnà Òṣogbo sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ wa, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò. N kò ní fi ìmoore du Ulli Beier, n kò ní fi du Georgina, Williams, tàbí Àdùnní. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n gbé ohun èlò kalẹ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan kò tó láti sọ ènìyàn di oníṣọ̀nà. Kìnnìún sìmẹ́ńtì ti wà níwájú àwọn ilé àrà tí wọ́n kọ́ ní àwòṣe ti àwọn Àgùdà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀dà dé. Ilé àgbẹ̀dẹ ti wà. Adé onílẹ̀kẹ̀ ti wà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti wà ní agbo ilé wọn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò wá lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn tí àwọn olùkọ́ sì padà sí ilẹ̀ wọn, ogójì ọdún, àádọ́ta ọdún làwọn ọmọ Òṣogbo fi bá iṣẹ́ náà lọ. Bí ẹ bá ń sọ ìtàn yìí, ẹ sọ ọ́ tọ̀túntòsì.

N ó sáré dárúkọ àwọn ibi yòókù, nítorí ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ilé Àdùnní wà lójú ọ̀nà Ìbòkun, ilé alájà lórí àjà tí ère kún fọ́fọ́, ẹ má jẹ́ kí àlejò kọjá níbẹ̀ láìyà. Ààfin Àtáọ́jà àti Ọjà Ọba wà ní ojú kan, ẹsẹ̀ lásán ni ẹ ó fi rìn wọ́n. A ní mùsíọ́ọ̀mù ti ìjọba àpapọ̀. Ọgbà Nelson Mandela wà ní ibi tí a mọ̀ sí Old Garage, ó dára fún ìsinmi ìrọ̀lẹ́. Ní Abẹ́rẹ̀ẹ́, CBCIU, ilé iṣẹ́ àṣà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, ń tọ́jú àwọn fọ́tò àti ìwé tí Ulli Beier kó jọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú Òṣogbo ṣe rí ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ ni kó lọ.

Lórí ọdún Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, ohun tí mo fẹ́ ni pé kí àlejò má dé lọ́jọ́ Jímọ̀ kó tún lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Nǹkan bí ọjọ́ méjìlá lọdún náà. Ìwọ́pópó ló ń ṣáájú, tí ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń rìn kiri láti tún ọ̀nà ìlú ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún lóru. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìboríadé, tí wọ́n ń kó adé àwọn Àtáọ́jà tó ti wàjà jọ láti bọ wọ́n. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wúńdíá láti ìdílé ọba á gbé igbá, tí gbogbo ìlú á tẹ̀ lé e lọ sódò. Ẹni tó bá rí àwọn ọjọ́ ìṣáájú ni ọjọ́ ìkẹyìn máa ń yé. Ìsìn ni, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá àwọn tó ń ti ara wọn síwájú Arugbá nítorí fọ́tò wí. Àwọn ilé iṣẹ́ tó sì ń náwó sí ọdún, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n aṣọ ìpolówó ọjà kò yẹ kó bo ère tí àwọn àgbà fi oṣù àti ọdún mọ.

Odò náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Láti ọdún bíi mélòó kan ni omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí ẹrẹ̀, nítorí àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ ní òkè odò. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé ike wá bu omi yẹn ní ọjọ́ ọdún, bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ ti jáde pé kò yẹ ní mímu. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú àlejò, ẹ sọ fún wọn, ẹ má tijú. Ẹ̀yin tí ẹ ní etí ìjọba, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kìíní lẹ́nu yín nígbàkúùgbà tí ẹ bá dé ọ̀fíìsì wọn. Odò ló mú wa dúró síbí.

Ìbéèrè tí mo bèèrè lẹ́ẹ̀kan nípa àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, mo ní ohun tí mo fẹ́ ká ṣe sí i. Ìsinmi ilé-ìwé gùn. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ àwọn ọmọ tó ń ya àwòrán sẹ́yìn ìwé ìṣirò. Ẹ má nà wọ́n mọ́. Ẹ bá òbí wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ọmọ ti aláró, ti gbẹ́nàgbẹ́nà, ti oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, títí ìsinmi yóò fi parí. Ọmọ náà lè padà di dókítà, kò burú, ọwọ́ rẹ̀ yóò ti mọ nǹkan. Ẹ̀yin onígálárì àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta iṣẹ́ ọnà lójú ọ̀nà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọṣẹ́ ló ṣe é. Ẹ̀yin onílé hòtẹ́ẹ̀lì, àwòrán tí ẹ ń rà láti ibòmíì wá fi kọ́ sára ògiri, ẹ rà á níbí. Kí àlejò jí lówùúrọ̀, kó rí i, kó bi yín pé ta ló ṣe é, kí ẹ sì lè júwe ilé ẹni náà fún un.

Èyí tí mo rí sọ nìyẹn. Àsìkò ṣì wà fún ìbéèrè. Ìyá wa aláró tí wọ́n ti ń nawọ́ láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀lú, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́ síwájú.